Ẹni Tó Lè Bá Mi Yọ̀

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣàlàyé iṣẹ́ mi fún ìyá mi lórí fóònù, ó dákẹ́ títí tí mo fi rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì Òmù-Àrán ti tún ṣe bó ṣe máa ń ṣe.

"Màámi, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́ ẹ. O ní àwọn òyìnbó á wá jókòó síwájú ẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Wọ́n á máa rojọ́ ọ̀rẹ́ wọn fún ẹ."

"Ọ̀rẹ́, ọkọ, ìyá, ohun tó bá ṣáà ti ń dùn wọ́n."

"Ìwọ ò sì ní dá ẹjọ́ náà."

"Mi ò gbọdọ̀ dá a."

"O ò ní bá wọn lọ bá ẹni tó ṣẹ̀ wọ́n."

"Rárá, mà."

"Kí wá ni wọ́n ń sanwó fún?"

Tísà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ìyá mi kó tó fẹ̀yìn tì. Tó bá bi èèyàn ní ìbéèrè, máàkì ló fẹ́ yọ. Mo ní tẹ́rápì ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà, pé mo lọ sílé-ìwé nítorí ẹ̀. Ó ní kí n má bínú, pé obìnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ akọrin àwọn tó ti ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, kò sì sẹ́ni tó fún un ní sátífíkéètì.

Bó ṣe rí nìyẹn o. Èmi tí mo dàgbà nínú ilé tí wọ́n ti ń gbàdúrà kí wọ́n tó jẹ ẹ̀pà, èmi ni mo wá di ẹni tí òyìnbó ń sọ àṣírí ọkàn ẹ̀ fún ní ìlú kékeré kan ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ ló ń gbé ọ̀pọ̀ nínú wọn wá. Àwọn kan ò ní ọ̀rẹ́ rárá. Àwọn kan ní tó pọ̀, àwọn ọ̀rẹ́ náà ló sì ń ṣe wọ́n léṣe. Iṣẹ́ mi ni kí n ràn wọ́n lọ́wọ́ kí wọ́n lè dá ọ̀rẹ́ gidi mọ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá èmi alára mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, mi ò mọ nǹkan kan. Ilé àwọn arúgbó ni mo ti ríṣẹ́: mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń wọṣọ fún wọn, mò ń fi ṣíbí fún wọn lóúnjẹ. Ọ̀gá mi níbẹ̀ jẹ́ ọkùnrin kan tó máa ń rìn bí ẹni tí ilé ń jó lẹ́yìn rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó pàdé mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní, "Ṣé dáadáa ni?" Inú mi dùn. Òun lẹni àkọ́kọ́ tó bèèrè láti ìgbà tí mo ti dé. Mo gbé garawa ọwọ́ mi sílẹ̀, mo sì dá a lóhùn bí a ṣe ń dáhùn nílé. Mo ní a dúpẹ́, ara le, àmọ́ orúnkún mi ń dùn mí díẹ̀ nítorí òtútù, pé ìyá mi kí wọn, pé oorun ò fi bẹ́ẹ̀ kùn mí. Nígbà tí mo máa gbójú sókè, ọkùnrin náà ti sọ̀ kalẹ̀ dé ìdí àtẹ̀gùn. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ìkíni wọn kì í ṣe ìbéèrè. Ó kàn dà bí ìgbà tí awakọ̀ bá fun fèrè kó tó yà ni.

Nílé, tí o bá kọjá níwájú ilé ẹnì kan láì kí i, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n á ti wá bi ìyá ẹ pé kí làwọn ṣe fún ẹ. Níbí, mo gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkùnrin kan fún ìgbà pípẹ́, ohun tí mo mọ̀ nípa ẹ̀ kò ju ikọ́ tí mò ń gbọ́ lára ògiri lọ. Nígbà tó kó lọ, àárò ikọ́ náà sọ mí.

Sísítà Bísí ló gbà mí sílẹ̀. Ọmọ Òmù-Àrán lòun náà. Sẹ́níọ̀ mi ni ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ó ti rán mi ní omi rí, ó sì ti fi mí kúnlẹ̀ rí nítorí pé mo rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n ń gbàdúrà. Ilé àwọn arúgbó yẹn lòun náà ti ń ṣiṣẹ́. Ó bọ́ kóòtù ara ẹ̀ fún mi, ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wọ bọ́ọ̀sì, ó fi ibi tí wọ́n ti ń ta iṣu hàn mí. Lọ́jọ́ kan, mo jókòó sí kíṣínì ẹ̀, mò ń sunkún pé ilé ni mo fẹ́ lọ. Ó ń dín iṣu lọ́wọ́, kò tiẹ̀ wo ẹ̀yìn.

"Sun ẹkún náà dáadáa," ó ní. "Má ṣẹ́ ìkankan kù. Tó bá tán, wàá jẹun."

"Sísítà, mi ò lè ṣe é."

"Ta ló sọ pé o lè ṣe é? Èmi náà ò lè ṣe é. A kàn ń jí láàárọ̀ ni."

Mo rẹ́rìn-ín sínú ẹkún mi, iṣu náà sì dùn.

Ohun tí mò ń gbádùn jù nílé ẹ̀ ni èdè wa. Àwọn Yorùbá wà ní ìlú náà, ará Èkó, ará Ìbàdàn, a máa ń pàdé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Yorùbá tí gbogbo ayé ń sọ ni mò ń bá wọn sọ, bí ẹni tó wọ bàtà lọ síbi iṣẹ́. Tí mo bá dé ọ̀dọ̀ Sísítà Bísí, mo máa ń bọ́ bàtà náà. Ìgbómìnà la ń sọ. Mo lè sọ ìdajì gbólóhùn kó bá mi parí ẹ̀. Mo lè dárúkọ Àgbamù láì ṣàlàyé pé ibo ló wà. Mo ti wá rò ó títí, mo sì gbà pé ohun tí àwọn èèyàn ń pè ní ilé kò ju ìyẹn lọ: ibi tí o ò ti ní láti ṣàlàyé ara ẹ.

Nígbà tó yá, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í lọ déédéé fún mi. Mo forúkọ sílẹ̀ láti kọ́ nípa tẹ́rápì, mò ń lọ lẹ́yìn iṣẹ́. Sísítà Bísí ní, "Orí àwọn òyìnbó tó dàrú yẹn, ìwọ lo fẹ́ bá wọn tún un ṣe? Tìẹ ńkọ́?" A jọ rẹ́rìn-ín. Mo parí ẹ̀kọ́ náà. Ó gbé sátífíkéètì mi wò, ó ní bébà ẹ̀ fúyẹ́. Mo ríṣẹ́, ó ní kí n ṣọ́ra, pé wọ́n kàn fẹ́ ẹni tó dúdú tí wọ́n máa fi ya fọ́tò ni. Ìyẹn pàápàá pa mí lẹ́rìn-ín. Mi ò mọ ìgbà tí ẹ̀rín náà bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ kó tó wá.

Ìdánwò mọ́tò ló là mí lójú. Mo ti kùnà nínú ìdánwò yẹn débi pé ọkùnrin tó ń dán wa wò ti ń bi mí nípa àlàáfíà ìyá mi. Lọ́jọ́ tí mo wá yege, mo dúró sí ibi tí wọ́n ń gbọ́kọ̀ sí, mo pe Sísítà Bísí.

"Sísítà, mo yege! Mo ti lè wa mọ́tò!"

"Ẹn-ẹn." Mo gbọ́ tó ń fọ abọ́. "Ó ti sú wọn nìyẹn."

"Kí ló sú wọn?"

"Ojú ẹ. Wọ́n kàn fẹ́ kó o máa lọ ni." Ó rẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Wàá wá gbé mi lọ ra nǹkan ní Sátidé."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo pa fóònù. Ayọ̀ tó kún inú mi kí n tó pè é, mi ò rí i mọ́. Ńṣe ló dà bíi pé mo gbé omi fún èèyàn mu, ó sì fi fọwọ́.

Mo dúró síbẹ̀ díẹ̀, mo wá pe Fọlákẹ́. Ọ̀rẹ́ mi láti kékeré ni, ẹgbẹ́ mi ni, ó ń kọ́ni nílé-ìwé kan ní Èsìẹ́.

"O yege kí ni?"

"Ìdánwò mọ́tò."

Igbe tó ké, mi ò lè kọ ọ́ sílẹ̀. Mo gbọ́ tí àga ṣubú. Mo gbọ́ tó ń sáré, tó ń sọ fún àwọn tísà ẹgbẹ́ ẹ̀ pé ọ̀rẹ́ òun tó máa ń fi kẹ̀kẹ́ kọlu ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, òyìnbó ti fún un ní láísẹ́ǹsì. Àwọn èèyàn tí mi ò rí rí bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi kú oríire láti inú yàrá àwọn tísà. Nígbà tó padà sórí fóònù, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Òmùgọ̀," ó ní, "kí ló pẹ́ ẹ tó bẹ́ẹ̀? Ó yá, sọ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí lo wọ̀?"

Mo sọ ohun tí mo wọ̀ fún un. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Tí ẹ bá gbé "òmùgọ̀" tí Fọlákẹ́ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwàdà Sísítà Bísí, ẹ máa ní ti Fọlákẹ́ ló burú jù. Ṣùgbọ́n èébú Fọlákẹ́ mú kí n ga sí i, àwàdà Sísítà Bísí sì mú kí n kéré.

Mi ò tíì sọ èyí fún ara mi ketekete lọ́jọ́ náà. Oníbàárà mi kan ló jẹ́ kí n sọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká pè é ní Linda; kì í ṣe orúkọ ẹ̀, ẹ má wulẹ̀ wá a. Láti kékeré ni ẹ̀rù omi ti ń bà á. Lẹ́yìn tí ọkọ ẹ̀ kú, ó pinnu pé òun máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Ó wá jókòó síwájú mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní òun ti lúwẹ̀ẹ́ láti etí omi kan dé èkejì láì di nǹkan kan mú. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń tọrọ àforíjì.

"Ta lo kọ́kọ́ sọ fún?" mo bi í.

"Carol." Carol ni ọ̀rẹ́ ẹ̀ láti ilé-ìwé.

"Kí ni Carol sọ?"

"Ó ní ta ló fẹ́ rí mi nínú aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ orí wa yìí." Linda rẹ́rìn-ín. "Ó lẹ́nu. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

Ká ní Òmù-Àrán la wà, mo mọ ohun tí mi ò bá ṣe. Mi ò bá bá a bú Carol láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kí n sì kan àwọn ẹbí ẹ̀ díẹ̀. Àmọ́ òfin iṣẹ́ mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Mo kó ọwọ́ mi jọ sórí itan bí ìyàwó pásítọ̀, mo ní, "Báwo ni ìyẹn ṣe rí lára rẹ?"

"Carol dáa o," ó sáré sọ. "Nígbà tí ọkọ mi kú, ilé mi ló ń sùn. Òun ló ń se oúnjẹ."

"Mo gbà. Nígbà tí o bá ń sunkún, ó máa ń wà níbẹ̀. Tí ohun tó dára bá wá ṣẹlẹ̀ sí ẹ, tí o sì sọ fún un, ṣé ayọ̀ náà máa ń pọ̀ sí i ni, àbí ó máa ń dín kù?"

Linda wò mí. Omi bọ́ lójú ẹ̀. Mo gbé páálí tíṣù sún mọ́ ọn. Ká sòótọ́, èmi náà fẹ́ yọ ọ̀kan, nítorí bí mo ṣe sọ ọ̀rọ̀ yẹn tán ni mo gbọ́ ariwo abọ́ tí ẹnì kan ń fọ̀ lórí fóònù. Mi ò yọ ọ́. Wọn kì í gba tẹ́rápísìtì síṣẹ́ kó máa bá oníbàárà du tíṣù.

"Ní ibi ìlúwẹ̀ẹ́ yẹn," mo ní, "ṣé kò sẹ́ni tó rí ẹ?"

"Obìnrin kan wà, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ti pọ̀ jù. Ó ń fọwọ́ lu omi, ó ń pariwo orúkọ mi títí olùṣọ́ fi fun fèrè sí i. Ó dúró dè mí létí omi, ó gbé táwẹ̀lì mi dání."

"Ṣé ọ̀rẹ́ ẹ ni?"

"Rárá o. Mi ò tíì mọ̀ ọ́n tó ọdún kan."

Mo dákẹ́. Wọ́n kọ́ wa ní ìdákẹ́ nílé-ìwé, òun ló sì nira jù fún ọmọ Ìgbómìnà nínú gbogbo ẹ̀kọ́ náà. Linda ń wo ọwọ́ ara ẹ̀.

"Ó gbé táwẹ̀lì mi dání," ó tún sọ, jẹ́jẹ́.

Ọdún yẹn kan náà, mo lọ sílé fún ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa. Sísítà Bísí náà wá. Lọ́jọ́ kejì ìkórè, àlejò kún pálọ̀ ìyá mi, àwọn ará ilé, àwọn tó wá láti Èkó, ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan tó wá láti Àjàṣẹ́-Ìpo. Fọlákẹ́ ń bá wa pín ohun mímu. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi bi mí pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe gan-an lọ́hùn-ún. Mi ò tíì lanu tí Sísítà Bísí fi gbà á.

"Iṣẹ́? Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń nu ìdí bàbá arúgbó! Ẹ ò bá rí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ń bì, bàbá náà ń bì, mi ò mọ ẹni tí mo máa kọ́kọ́ nù."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí òótọ́ ni, ó sì pani lẹ́rìn-ín. Ó yẹ kó dúró níbẹ̀.

"Ní báyìí," ó ní, "ó ti di ẹni tó ń bá wèrè sọ̀rọ̀. Àwọn tí orí wọn pé ò lè gbà á síṣẹ́ ṣá."

Ìyá mi gbé ife ẹ̀ sílẹ̀. Fọlákẹ́ dúró sáàárín pálọ̀ pẹ̀lú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò méjì lọ́wọ́.

"Sísítà Bísí," ó ní, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, "nínú gbogbo ohun tó ti ṣe lọ́hùn-ún, èwo linú yín dùn sí jù? Ẹ sọ fún wa ká lè bá yín yọ̀."

Sísítà Bísí wo ìgò náà, ó wò mí.

"Ṣé a ò lè ṣeré mọ́ ni?" ó ní.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé ká jáde díẹ̀. A dúró sí ẹ̀yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ìyá mi sá ata sí. Sẹ́níọ̀ mi ni, mi ò sì tíì dá a lóhùn rí láyé mi.

"Sísítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sóhun tí mo fẹ́ sọ."

"Tẹ́rápì ti dé," ó ní.

"Nígbà tí mò ń sunkún, kò sẹ́ni tó dà bíi yín. Mi ò lè gbàgbé ẹ̀. Àmọ́ tí ohun rere bá ti ṣẹlẹ̀ sí mi, tí mo bá pè yín, ó máa ń dà bíi pé ẹlòmíì ló gbé fóònù yín."

"Nítorí àwàdà?"

"Àwàdà náà ò pa mí lẹ́rìn-ín mọ́, Sísítà."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fọwọ́ yí ata, èyí tó ti gbẹ àti èyí tí kò tíì gbẹ. "Ṣé o gbọ́ orúkọ tí wọ́n ń pè mí ní pálọ̀ yẹn?"

Mo gbọ́. Nọ́ọ̀sì ni gbogbo wọn ń pè é. Nọ́ọ̀sì ni lóòótọ́ kó tó kúrò nílé, àmọ́ àwọn òyìnbó ò gba ìwé ẹ̀. Lọ́hùn-ún, òun àtèmi la jọ gbé abọ́ ìtọ̀ kiri, a kì í sì í sọ ọ̀rọ̀ náà.

"Wọ́n ń pè mí ní Nọ́ọ̀sì, mo sì ń dáhùn," ó ní. "Ìwọ tí mo máa ń rán ní omi, o wá jókòó sí ọ́fíìsì, òyìnbó ń sunkún níwájú ẹ. Ṣé o wá fẹ́ kí n máa jó ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Sísítà," mo ní. "Ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn. Díẹ̀."

Ó dìde, ó gbọn ọwọ́ ẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé náà ló gbà lọ. Wọ́n ní ó gun ọ̀kadà lọ sí Àrán-Ọ̀rin, sílé àwọn ìyá ẹ̀. Kò kí ìyá mi kó tó lọ, ìyẹn nìkan sì tó kí ìyá mi máa sọ ọ́ títí mo fi kúrò nílé.

Àwa méjèèjì padà sínú òtútù, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mi ò rò pé ó máa rí bẹ́ẹ̀ lára mi. Kò sẹ́ni tí mo lè bá sọ Ìgbómìnà mọ́, àfi kẹ́tùlù. Mo máa ń dúró tì í láàárọ̀, mò ń rojọ́ fún un títí á fi hó. Fọlákẹ́ ń bẹ lórí fóònù, àmọ́ Fọlákẹ́ ò lè bá mi jẹ iṣu díndín. Ibi tí iṣẹ́ mi ti máa ń ṣòro nìyí, a kì í sì í kọ ọ́ sára ògiri ọ́fíìsì wa: tí èèyàn bá ti mọ̀ pé ọ̀rẹ́ òun kò bá òun yọ̀, kò túmọ̀ sí pé àárò ẹ̀ ò ní sọ ọ́.

Linda ò lé Carol dànù. Wọ́n ṣì jọ ń mu tíì. Obìnrin aláriwo yẹn ló kàn kọ́kọ́ ń gbọ́ tí nǹkan bá dára. Lọ́jọ́ tí tẹ́rápì ẹ̀ parí, Linda ní òun ti ń lọ sí ibi tí omi ti jìn. Mo kan sáárá sí i, mo pàtẹ́wọ́, bóyá òfin iṣẹ́ gbà á o, bóyá kò gbà á.

Ìyá mi ń yọ mí lẹ́nu. "Pe Bísí."

"Màámi, òun ló yẹ kó pè."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ìwé ẹ?"

Mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i, mo kí i, mo ní ibi tó mọ̀ mí sí náà ni mo ṣì wà. Kò fèsì. Òjò dídì bẹ̀rẹ̀, ó dá. Kò fèsì.

Ọ̀sán Sátidé kan ni, mo wà nínú ṣọ́ọ̀bù ńlá kan, mò ń fọwọ́ tẹ tòmátì, nígbà tí fóònù mi dún. Orúkọ ẹ̀ ni mo rí.

"Ẹ kúu ọjọ́ mẹ́ta, Sísítà."

Ìgbómìnà ló fi dá mi lóhùn. Ó kí mi, ó kí ìyá mi, ó bèèrè nípa òtútù.

"Mo ṣe ìdánwò kan," ó ní. "Ti nọ́ọ̀sì ilẹ̀ yìí. Mi ò sọ fún ẹnì kankan."

"Sísítà."

"Ṣebí wọ́n á máa retí ẹ̀ ni tí mo bá sọ. Èsì ẹ̀ dé láàárọ̀ yìí." Ohùn ẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, bí ẹni tó ń ka orúkọ akẹ́kọ̀ọ́. "Mo yege."

Igbe tí mo ké, mi ò mọ ibi tó ti wá. Tòmátì bọ́ lọ́wọ́ mi. Bàbá òyìnbó kan gbé agbọ̀n ẹ̀ sẹ́yìn, ó ń wò mí bóyá kí òun pe àwọn ọlọ́pàá. Mò ń fò sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlùbọ́sà, mò ń pè é ní Nọ́ọ̀sì, Nọ́ọ̀sì, Nọ́ọ̀sì, lédè Ìgbómìnà, láàárín àwọn èèyàn tí kì í kí ara wọn. Nígbà tí mo mí, mi ò gbọ́ nǹkan kan lọ́hùn-ún. Mo rò pé ó ti pa fóònù.

"Sísítà? Ṣé ẹ wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀." Ó fa imú. "Tún ariwo yẹn pa."

Mo tún un pa.